Rọ́bà wo ni kí n fi sábẹ́ ẹ̀rọ monogíráàmù tí ó ń gbọn dẹ́kìn jìgìjìgì?

Oníṣọnà_Òde kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ tí àwọn oníbàárà ń pè ní monogíráàmù ni mo sì ń ṣe. Ní ọdún tó kọjá ni mo ra ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́ 12 tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ó ń ran 800 ojú abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, nítorí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kò sì sí ẹgbẹ́ régbérégbé kan tí yóò gbà kí agbádá tiwọn pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Òru ni a fi ń ṣiṣẹ́ ní àkókò náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé gbígbọ̀n ẹ̀rọ yìí ń gba inú dẹ́kìn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí bàbá onílé ń gbé. Bàbá ní àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn máa ń ho bí ọjà láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí. Mo wá ra rọ́bà dúdú kan tó rọ̀ díẹ̀, tó nípọn tó mìlímítà 20, mo gé e sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, mo sì fi sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i: lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìyàwó bàbá gun òkè wá bá mi. Mo yọ rọ́bà kúrò, mo fi fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì rọ́pò rẹ̀. Ara tù wá fún bí ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn èyí ni fóòmù tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé, ariwo sì padà síbi tó wà.

Ẹnì kan tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ ní Èkó sọ fún mi pé polyurethane, ìyẹn irú ike kan tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà, nìkan ló lè gbà mí, ṣùgbọ́n iye tí ó dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ ìránṣọ mìíràn. Ṣé òótọ́ ni ó ń sọ? Rọ́bà tàbí ike wo ni ẹ ti lò tí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́?

Mẹkáníìkì_Ṣàgámù kọ pé:

Àbúrò, má ná irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọjà tòkunbọ̀ ṣì wà. Wá ẹ́ńjíìnì sítì mọ́tò mẹ́rin tí ó jọra wọn. Irin wà lókè rẹ̀, irin wà nísàlẹ̀, rọ́bà tí wọ́n sè mọ́ irin méjèèjì ni ó wà láàárín. Kí o tó sanwó, mú un sí oòrùn kí o sì fi àtàǹpàkò ti rọ́bà náà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé èyí tí ó ti ń ṣí kúrò lára irin kò wúlò mọ́, bí ó ti wù kí ó dán tó. Mo fi irú rẹ̀ mẹ́rin sábẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan ní Ìkẹ́nnẹ́, èyí tí ó ń yí 1,500 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń gbé ife tíì ka orí ìgànná tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà.

Tọ́nà_Ìgbó kọ pé:

Ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ràn rọ́bà jù. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tọ́nà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn onísọ́míìlì ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. A kì í gbé ẹ́ńjíìnì tí ó ń fa ayùn ka rọ́bà kankan. Ilẹ̀ ni a ń gbẹ́, a ó da kọnkéré sí i, a ó ri bóòtù mọ́ inú kọnkéré náà, a ó sì de ẹ́ńjíìnì mọ́lẹ̀ pinpin. Ohun tí ó bá wúwo kì í gbọ̀n. Rọ́bà yóò kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ máa jó ni, ohun tí ojú ọmọ yìí sì rí gan-an nìyẹn.

Olùkọ́Físíìsì_Àgọ́ kọ pé:

Bàbá Tọ́nà, mo júbà. Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ẹ ń da kọnkéré tiyín sí, ilẹ̀ kò sì ní yàrá kankan lábẹ́. Dẹ́kìn yàtọ̀ pátápátá. Awọ ìlù ni dẹ́kìn, etí rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ògiri, àárín rẹ̀ kò ní ohun tó gbé e dúró, ẹni tí ó bá sì gbé ẹ̀rọ sí àárín rẹ̀ ti gbé ọ̀pá ìlù lé e lójú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè da kọnkéré tó nípọn tó ti sọ́míìlì sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onílé.

Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé iṣẹ́ méjì ni rọ́bà àti àwọn ike tí ó fara jọ ọ́ ń ṣe, orúkọ kan ṣoṣo ni a sì ń pè méjèèjì. Iṣẹ́ kìíní ni kí ó dúró bíi sípíríǹgì láàárín ẹ̀rọ àti ilẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa mì lókè láìjẹ́ pé ilẹ̀ gbọ́. Iṣẹ́ kejì ni kí ó jẹ ìgbọ̀nrìrì náà run. Ẹ wo agogo: bí ẹ bá lù ú, yóò máa dún lọ, nítorí pé irin kò mọ bí a ti ń pa ìgbọ̀nrìrì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ dì í mú, ó dákẹ́ wẹ́lo, torí pé ẹran ọwọ́ yín ti gba agbára náà. Ohun tí ọwọ́ ṣe fún agogo ni rọ́bà ń ṣe fún irin. Inú rọ́bà kún fún fọ́nrán tó gùn, tó lọ́ mọ́ ara wọn bí òwú tó ta kókó, bí a bá sì ń tẹ̀ ẹ́ tí a ń tú u, àwọn fọ́nrán náà yóò máa fi ara gbo ara, agbára ìgbọ̀nrìrì yóò sì di ooru. Ìdí nìyí tí táyà fi máa ń gbóná lójú títì márosẹ̀ láìjẹ́ pé bíréèkì fọwọ́ kàn án.

Oníṣọnà, kí n tó lè sọ ohunkóhun tó nítumọ̀, mo fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta. Kílò mélòó ni ẹ̀rọ rẹ pẹ̀lú ìdúró rẹ̀? Nígbà tí o fi rọ́bà mìlímítà 20 yẹn sábẹ́ rẹ̀, mélòó ni ó rì? Fi rúlà wọn ìnípọn rẹ̀ kí o tó gbé ẹ̀rọ lé e, kí o sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí o bá gbé e lé e. Ẹ̀kẹta, bu omi sínú ife, gbé e sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kí o wá máa sá ẹ̀rọ láti 400 lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí o sì sọ fún wa ibi tí ojú omi ti mì jù.

Oníṣọnà_Òde kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, Olùkọ́. Mo ṣe é lónìí lẹ́yìn tí àwọn ọmọṣẹ́ lọ jẹun. Nínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, ẹ̀rọ àti ìdúró rẹ̀ jẹ́ bí 100 kílò. Rọ́bà náà rì tó mìlímítà kan àtààbọ̀, ìyẹn ni pé 20 di 18 àtààbọ̀.

Ti omi inú ife ló yà mí lẹ́nu. Ní 400, ojú omi ń wárìrì fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ní 600, ó ti ń ní òrùka òrùka. Nígbà tí mo dé 800 tí mo máa ń lò lójoojúmọ́, omi náà ń ta sókè láàárín ife bí ẹni pé ó fẹ́ hó, ó sì ta sí ilẹ̀. Mo gbé e lọ sí 950, ó sì rọlẹ̀ ju ti 800 lọ! Èmi rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń sáré tó ni ariwo yóò ṣe máa pọ̀ tó.

Olùkọ́Físíìsì_Àgọ́ kọ pé:

Ife omi rẹ ti dáhùn ìbéèrè náà kí n tó dé, àlàyé ló kù.

Ohunkóhun tí ó bá dúró lórí rọ́bà tàbí sípíríǹgì ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí jangilọ́fà ọmọdé ṣe ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá ń ti jangilọ́fà ní àsìkò tí òun náà ń bọ̀, ìtì kékeré yóò gbé ọmọ náà dé òkè. Bí a bá ń tì í ní ìwọ̀n mìíràn, ọwọ́ lásán ni yóò máa ro ẹni tó ń tì í. A sì lè mọ iye ìmì náà láti inú bí rọ́bà ṣe rì. Bí ẹrù bá tẹ rọ́bà rì ní mìlímítà 1, ẹrù náà fẹ́ràn láti mì bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá rì ní mìlímítà 4, ìgbà 8 ni. Bí ó bá rì ní mìlímítà 9, ó fi díẹ̀ ju ìgbà 5 lọ. Ìyẹn ni pé rírì ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dín ìmì kù sí ìdajì.

Tìrẹ rì ní mìlímítà 1.5, èyí tí ó fún wa ní bí ìgbà 13. Wàyí o, pín 800 ojú abẹ́rẹ́ sí 60: ó jẹ́ 13.3. Ǹjẹ́ o rí i? Iye tí ẹ̀rọ ń ti rọ́bà gan-an ni iye tí rọ́bà náà fẹ́ràn. O ti ṣe jangilọ́fà fún ẹ̀rọ rẹ láìmọ̀, bàbá onílé ni ó sì ń jókòó nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé rọ́bà náà burú, kì í sì í ṣe pé polyurethane ní oògùn kankan tí rọ́bà tìrẹ kò ní.

Òfin tí a kò lè yẹ̀ ni pé ìdáàbòbò kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ títí iye tí ẹ̀rọ ń sá yóò fi ju iye tí rọ́bà fẹ́ràn lọ ní ìlọ́po 1.4, bí a bá sì fẹ́ kí ó ní láárí, ìlọ́po méjì ni kí a máa lépa. Fún 13.3, ó yẹ kí rọ́bà rẹ wà ní bí 6 àti díẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó rì ní mìlímítà 6 tàbí 7. Rọ́bà tí ó nípọn ní mìlímítà 20 kò lè rì tó bẹ́ẹ̀ láìbàjẹ́. Kò yẹ kí a máa tẹ rọ́bà ju bí ìdá 15 nínú 100 ìnípọn rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́.

Nítorí náà, èyí ni kí o ṣe. Gé rọ́bà kan náà yẹn sí ìwọ̀n mìlímítà 50 ní ìbú àti gígùn, fi gọ́ọ̀mù lẹ mẹ́ta pọ̀ lórí ara wọn kí ó nípọn tó 60, kí o sì ṣe mẹ́rin irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a gba ọ̀rọ̀ Bàbá Tọ́nà wọlé: da kọnkéré pẹlẹbẹ kan tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Yóò wúwo tó bí 96 kílò. De ìdúró ẹ̀rọ mọ́ ọn pẹ̀lú bóòtù, kí rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ kọnkéré náà. Ẹrù ti di ìlọ́po méjì, rọ́bà yóò rì sí i, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò sì ní máa fò káàkiri. Gbé gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó ní ògiri mìíràn lábẹ́ nísàlẹ̀, má ṣe gbé e sí àárín dẹ́kìn, kí kọnkéré náà má sì fara kan ògiri. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a óò retí pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìgbọ̀nrìrì ni yóò ráyè kọjá sí dẹ́kìn.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbé bí 49 kílò, àpò sìmẹ́ǹtì kan sì jẹ́ 50. Gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan lé orí rọ́bà kan, kí ẹnì kan dì í mú kí ó má ṣubú, kí o sì fi rúlà wò ó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó ń rọlẹ̀ láti pààrọ̀ òwú, yóò gba àárín 350 sí 450 kọjá, ibẹ̀ ni jangilọ́fà tuntun náà yóò wà. Yóò mì fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Jẹ́ kí ó kọjá, má ṣe fi í síbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ kejì rọ́bà, èyíinì ni pípa ìgbọ̀nrìrì, ti ń ṣe wá lóore, torí pé sípíríǹgì irin lásán ì bá máa mì títí.

Ìyá_Onígàrí kọ pé:

Ẹ kú ìjíròrò o. Òdoògbolú ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni tèmi, ẹ́ńjíìnì dísù onísílíńdà kan láéláé ni ó ń fà á, tí ó ń yí 650 ìgbà péré láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fi ẹ́ńjíìnì sítì tòkunbọ̀ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì mi ṣe sọ. Ẹ́ńjíìnì ń jó bí ẹni tí wọ́n lù ní gbẹ̀du, páìpù dísù rẹ̀ sì sán lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Nígbà tí mo yọ àwọn rọ́bà náà, wọ́n ti wú bí àgbàdo tí a rẹ sómi fún ògì, wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Olùkọ́Físíìsì_Àgọ́ kọ pé:

Màmá, ní ti jíjó, Bàbá Tọ́nà ló ni ẹjọ́ yín, wọ́n sì jàre. 650 láàárín ìṣẹ́jú jẹ́ bí 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjíìnì onísílíńdà kan bẹ́ẹ̀ ń yìn lẹ́ẹ̀kan nínú yíyí méjì, ìtì tó lágbára jù sì ń wá bí ìgbà márùn-ún àtààbọ̀. Kí rọ́bà tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo ilẹ̀ lọ́wọ́ irú ìtì bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rì ju mìlímítà 17 lọ. Rọ́bà kékeré kò lè ṣe é. Ẹ yọ wọ́n kúrò, ẹ da kọnkéré sí ilẹ̀, kí ẹ de ẹ́ńjíìnì mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ tí ó ń yí 1,500 tàbí 3,000 ni ẹ́ńjíìnì sítì yẹ, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá ti ń sáré tó ni ó rọrùn tó láti dá gbígbọ̀n rẹ̀ dúró kí ó má dé ilẹ̀.

Mẹkáníìkì_Ṣàgámù kọ pé:

Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ ẹ́ńjíìnì sítì, mo sì gbà pé n kò bi Oníṣọnà léèrè bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń sáré. Ní ti wíwú, Màmá, dísù ni ó ṣe é. Rọ́bà tí a rí lára igi máa ń mu epo bí kànrìnkàn, ó sì máa ń rọ̀ títí yóò fi já. Ibi tí dísù tàbí ọ́ìlì bá ti lè kán sí, nitrile ni kí ẹ béèrè, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ìlì síìlì. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní neoprene wà láàárín, ó fara da epo díẹ̀, ó sì fara da oòrùn. EPDM, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe họ́ọ̀sì rédíétọ̀, kò kọ omi, kò kọ oòrùn, àmọ́ ọ̀tá epo ni. Polyurethane kò bẹ̀rù epo, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan wà tí omi gbígbóná máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa fọ́ bíi bísíkíìtì.

Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Rọ́bà igi tútù kò wúlò fún ẹ̀rọ títí Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà fi rí i ní 1839 pé bí a bá po ìmí-ọjọ́ mọ́ ọn tí a sì sè é, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́. 1844 ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru sàlẹ́ńsà kò mọ̀ pé sísè ti parí. Yóò máa se rọ́bà náà lọ títí yóò fi le bí èkùrọ́, lẹ́yìn èyí yóò sán.

Èyí tí kò ná èèyàn ní nǹkan kan ni túùbù inú táyà. Butyl ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, nítorí pé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn rọ́bà tí ń pa ìgbọ̀nrìrì jù. Ẹ gé ègé kan kí ẹ ká a pọ̀, kí ẹ sì jù ú lu ilẹ̀: kì í tọ bíi rọ́bà yòókù, ṣe ni ó ń sùn síbẹ̀.

Onítẹ̀wé_Ìlíṣàn kọ pé:

Ṣé kò ní rọrùn kí a kàn fi kíréètì ẹyin bo ògiri? Èmi fẹ́ fi fóòmù mátíràsì àti kíréètì ẹyin bo inú ilé jẹnẹrétọ̀ mi, kí n sì dí fèrèsé rẹ̀ pátápátá, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa.

Olùkọ́Físíìsì_Àgọ́ kọ pé:

Jọ̀wọ́, má ṣe é. Fóòmù mátíràsì máa ń gbiná kíákíá, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Bí o bá sì dí fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ yóò gbóná kọjá ààlà, èéfín rẹ̀ tí a kò lè fi imú mọ̀ yóò sì máa wá ọ̀nà gba inú ilé. Yàtọ̀ sí ewu náà, fóòmù àti kíréètì ẹyin kì í dá ariwo dúró. Fóòmù ń dín ìró tí ń ta padà láti ara ògiri kù nínú yàrá ni, kíréètì ẹyin kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wúwo tí kò ní ihò, bíi búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́, ni ó ń dá ariwo tí afẹ́fẹ́ ń gbé dúró, kí a sì ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń gba kọ̀rọ̀ kí ìró má baà jáde tààrà.

Kọ́kọ́ lọ kan ọ̀pọ́n irin tí ó bo jẹnẹrétọ̀ náà ní ìka. Bí ó bá dún gbọ̀ọ̀ọ̀n, irin náà wà lára àwọn tó ń pariwo. Lẹ butyl pẹlẹbẹ mọ́ inú rẹ̀ níbi tí kò gbóná, kí o sì fi irin tín-ínrín tàbí bébà alumíníọ̀mù bo ojú butyl náà. Bí irin méjì bá ń mì, butyl tí ó há sáàárín wọn yóò máa fà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni yóò sì ti jẹ ìgbọ̀nrìrì náà run ju ìgbà tí a lẹ̀ ẹ́ lásán lọ. Bí o bá tún kan án, yóò dún pó bí ẹni kan pákó.

Tọ́nà_Ìgbó kọ pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò mọ̀ pé rírì ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n, èmi a kàn máa fi ọwọ́ kàn án ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń sọ ti ike, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún Onítẹ̀wé. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá fún mi tí jíà irin méjì ń ké nínú rẹ̀ bí ọ̀bọ. Mo gé jíà kékeré tuntun láti ara náílọ̀n líle, kì í ṣe náílọ̀n pọ́ọ̀wótà o, èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pá bí igi ni mo ní lọ́kàn. DuPont ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe náílọ̀n ní 1935, bí olùkọ́ ọmọ mi ṣe sọ fún mi. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ débi pé ẹni tó ni ín bi mí bóyá ó ṣì ń yí.

Ṣùgbọ́n jíà kan ṣoṣo ni kí ẹ pààrọ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ ike, ooru kò ní rí ibi gbà jáde, eyín wọn yóò sì yọ́. Irin tí ó kù ni yóò máa kó ooru lọ. Kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín eyín ju ti irin lọ, nítorí náílọ̀n máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń wú nígbà òjò. Ọ̀kan tí mo gé lásìkò ọyẹ́ ni ó kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó há gádígádí nígbà tí òjò dé, mo sì gé òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oníṣọnà_Òde kọ pé:

Ẹ̀yin ará mi, mo ti padà dé. Mo lẹ rọ́bà mẹ́ta mẹ́ta pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Olùkọ́ ṣe sọ, mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé ọ̀kan, ọmọṣẹ́ mi kan sì dì í mú bí ìyàwó tuntun. Ó rì díẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà yọ jáde bí òkèlè ẹ̀bà tí a fi ọwọ́ tẹ̀, Olùkọ́ sì sọ fún mi lórí fóònù pé bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ rí, pé rọ́bà kì í sún kì, ó gbọ́dọ̀ rí ibi yọ sí, àti pé bí mo bá fi irin há a ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò le bí òkúta.

A da kọnkéré náà, a fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin ni ó gbé e gun òkè. Ní àná ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ń bẹ̀rẹ̀, ó fì sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà ó kọjá, ó sì ń lọ. Ife omi wà nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 800: òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo rí, omi kankan kò ta sílẹ̀. Owó gọ́ọ̀mù, rọ́bà díẹ̀ tí mo fi kún un, yanrìn, òkúta àti bóòtù nìkan ni mo ná.

Bàbá onílé kò sọ pé ó dára. Ó ní òun ti wá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òdìkejì, pé kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Tọ́nà_Ìgbó kọ pé:

Máa dán bóòtù wọ̀nyẹn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí o sì fi nọ́ọ̀tì kejì há ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí ó bá ń mì máa ń tú ara rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù nínú àpò tí o fi wọn rọ́bà ńkọ́? Màmá Òdoògbolú nílò rẹ̀, èmi ni mo fẹ́ lọ bá wọn da kọnkéré lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá_Onígàrí kọ pé:

Àpò mẹ́ta ti wà nílẹ̀, Bàbá. Ẹ mú bóòtù tó nípọn dání, torí omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ àwọn tó wà níbẹ̀ tán.